Ajá àgbàtọ́ mi ní wárápá, ẹni méjì ló sì fẹ́ gbà á: ṣé kí n fi fídíò gìrì rẹ̀ hàn wọ́n?

Alágbàtọ́ Jọ́lì

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ló ń gba oorun lójú mi, mo sì mọ̀ pé irú rẹ̀ á ti kan àwọn kan nínú yín rí.

Mo máa ń gba ajá tọ́ fún ilé ìtọ́jú ajá kan títí wọ́n á fi rí ẹni tó máa mú un pátápátá. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi báyìí ń jẹ́ Jọ́lì. Abo ni, ó pupa rúsúrúsú, etí ọ̀tún rẹ̀ nà ṣánṣán, tòsì tẹ̀ wálẹ̀. Òru ni ẹnì kan wá so ó mọ́ géètì ilé ìtọ́jú náà, kò fi ìwé kankan sílẹ̀. Kò tíì mọ ibẹ̀ dáadáa tí gìrì fi mú un lójú àwọn òṣìṣẹ́, nígbà tó yá ó tún mú un. Dókítà ẹranko yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ rẹ̀ wò: kò jọ pé ó jẹ májèlé, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ dára, kíndìnrín rẹ̀ dára. Bí wọ́n ṣe wo eyín rẹ̀, ó máa tó ọmọ ọdún mẹ́ta. Wọ́n ní wárápá ni, irú èyí tí wọn kì í rí ohun tó fà á. Oògùn gìrì tí wọ́n ń pè ní phenobarbital ló ń lò, láàárọ̀ àti lálẹ́, wákàtí 12 síra wọn.

Ariwo ilé ìtọ́jú kò bá a lára mu, ìdí tí wọ́n fi gbé e fún mi nìyẹn. Ara rẹ̀ ti balẹ̀ báyìí. Gìrì ṣì ń mú un lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kì í tó ìṣẹ́jú méjì, àfẹ̀mọ́júmọ́ ló sì sábà máa ń jẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀ á máa rìn káàkiri bí ẹni tí kò mọ ilé, á forí gbá ògiri, kì í mọ̀ mí. Nígbà tó bá yá á wá gbé orí lé mi lẹ́sẹ̀, ebi á sì máa pa á gan-an.

Ẹni méjì ló ti béèrè rẹ̀ báyìí. Àkọ́kọ́ ni tọkọtaya kan tí wọ́n ní ọmọ kéékèèké méjì. Fọ́tò rẹ̀ ni wọ́n rí, etí yẹn ló wọ̀ wọ́n lójú, wọ́n sì ti ń pè é ní "ọmọ wa". Ìkejì ni ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, tí òun nìkan ń gbé. Ìyá náà kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Aago mélòó ló ń lo oògùn?"

Ohun tó wà nínú ìkéde tí wọ́n fi síta ni pé Jọ́lì "nílò oògùn díẹ̀ lójoojúmọ́". Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń bójú tó àwa alágbàtọ́ ní kí n jẹ́ kí tọkọtaya yẹn kọ́kọ́ wá bá a ṣeré, kí ìfẹ́ rẹ̀ wọ̀ wọ́n lára, ká tó ṣàlàyé ìyókù. Inú rere ló fi sọ ọ́, ó fẹ́ kí Jọ́lì tètè rílé. Àmọ́ fídíò gìrì rẹ̀ wà lórí fóònù mi, torí dókítà ló ní kí n yà á, kò sì rọrùn láti wò. Ṣé kí n fi hàn wọ́n? Ìgbà wo? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún bá mi dá sí èyí náà: nígbà míì mo máa ń rò ó pé kò sẹ́ni tó máa lè ṣọ́ ọ bí mo ṣe ń ṣọ́ ọ, ó máa ń ṣe mí bíi kí n kúkú mú un. Bẹ́ẹ̀ mo mọ̀ pé bí mo bá mú un, àyè tí mo fi ń gba àwọn míì tọ́ ti dí nìyẹn.

Ẹlẹ́sẹ̀mẹ́ta

Ẹ fi hàn wọ́n. Ẹ má sì jẹ́ kó di ìgbà tí wọ́n bá bá a ṣeré tán. Ẹ fi ránṣẹ́ sí wọn kí wọ́n tó kúrò nílé wọn rárá.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gba irú ajá wọ̀nyí tọ́: afọ́jú, adití, èyí tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀, àti àwọn tí ẹ̀yìn wọn rọ tí èèyàn ní láti máa tẹ ikùn wọn kí wọ́n tó lè tọ̀. Nínú gbogbo wọn, oníwárápá ni mo rí i pé àwọn èèyàn máa ń gbà láìmọ ohun tí wọ́n ń gbà. Ajá tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀, kò sẹ́ni tó wọlé tí kò ní rí i. Afọ́jú, ojú rẹ̀ ń sọ ọ́. Oníwárápá á sáré wá pàdé àlejò, ìrù á máa jù fìrìfìrì, ara rẹ̀ á máa dán. Ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé "ó nílò oògùn díẹ̀" á rò pé ara ló ń yún un.

Mo fẹ́ sọ ti akọ ajá kan fún yín. Ìdílé kan ló dá a padà kó tó dọ́dọ̀ mi. Wọ́n ti sọ fún wọn pé gìrì máa ń mú un lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kò sẹ́ni tó sọ bó ṣe máa ń rí. Gìrì mú un lóru, ọmọ wọn ọkùnrin rò pé ajá náà ń kú lọ, ló bá ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu kó má bàa gbé ahọ́n mì. Ajá kì í gbé ahọ́n mì. Eyín rẹ̀ pàdé mọ́ ọwọ́ ọmọ náà, òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé ọwọ́ ẹnikẹ́ni wà níbẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n gbé e padà, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ó gé ọmọ jẹ. Wárápá kọ́ ló wá dí i lọ́nà mọ́ lẹ́yìn ìyẹn, ohun tí wọ́n kọ yẹn ni. Gbogbo ẹni tó bá ka ìwé rẹ̀ ló ń padà lẹ́yìn. Ajá tó jẹ́ pé bí ológbò bá wo ojú rẹ̀, á gbé ojú sá ni o. Ó dùn mí títí dòní, nítorí ìṣẹ́jú kan péré tí ìdílé yẹn ì bá fi wo fídíò ni ì bá gba ajá àti ọmọ náà là.

Nítorí náà, fídíò lákọ̀ọ́kọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ń wa afẹ́fẹ́, bí itọ́ ṣe ń hó lẹ́nu rẹ̀, bó ṣe ń tọ̀ sára. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí apá tó tẹ̀ lé e náà, nígbà tó bá dìde tí kò dá ẹnikẹ́ni mọ̀, torí ìyẹn ló máa ń dẹ́rù ba èèyàn jù. Ẹni tó bá wò ó tán tó sì béèrè pé "kí ni mo máa ṣe nígbà náà?" ni ẹ ń wá. Ẹni tó bá sì ní òun ò lè ṣe é, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tọkàntọkàn. Ó ti ṣe Jọ́lì lóore.

Ní ti ẹni tó yẹ kẹ́ ẹ fún, aago rẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò. Ìfẹ́ dáa, àmọ́ oògùn yìí kò mọ ìfẹ́, àkókò ló mọ̀. Ta ló máa wà nílé láàárọ̀, ta ló máa wà nílé lálẹ́, títí kan òpin ọ̀sẹ̀? Bí wọ́n bá rìnrìn àjò, ta ló mọ bí wọ́n ṣe ń fún un lóògùn? Ṣé ajá míì wà nílé wọn? Ajá míì lè bù ú ṣán nígbà tí gìrì bá mú un, bó ti wù kí wọ́n jọ rẹ́ tó. Ṣé àtẹ̀gùn wà, ṣé adágún ìlúwẹ̀ẹ́ wà tí kò ní ọgbà? Ṣé dókítà ẹranko tó ń ṣí lóru kò jìnnà jù? Èmi ò sọ pé ilé tó ní ọmọ kò dára o. Àwọn ọmọ tó ti gbọ́n tó lè ṣe é dáadáa, wọ́n á kàn sún àga kúrò, wọ́n á pe àgbàlagbà. Ọmọ kékeré tí kò tíì mọ "má fọwọ́ kàn án" ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí.

Ìbéèrè yín tó kẹ́yìn: bí ẹ bá jí lọ́la tí Jọ́lì kò ní gìrì kankan mọ́, ṣé ẹ ṣì máa fẹ́ mú un? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ mú un, inú wa á dùn. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀rù ohun tó lè ṣe é lọ́dọ̀ ẹlòmíì ló ń tì yín, ẹ fi ẹ̀rù yẹn kọ́ ẹni tó ń gbà á. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ mọ̀ nípa rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún un.

Nọ́ọ̀sì Ẹranko

Mo fara mọ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ lókè yìí. Kí n fi ti oògùn kún un, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé tuntun ti máa ń kọsẹ̀.

Ẹ má fa Jọ́lì lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ lásìkò tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yí ìwọ̀n oògùn rẹ̀ padà. Phenobarbital máa ń tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì kó tó dúró sójú kan nínú ẹ̀jẹ̀. Ìgbà yẹn ni wọ́n máa ń fa ẹ̀jẹ̀ láti wo bó ṣe pọ̀ tó, lẹ́yìn náà nǹkan bí oṣù mẹ́fà-mẹ́fà, kí wọ́n sì máa wo ẹ̀dọ̀ pẹ̀lú. Kí ẹni tó máa gbà á mọ̀ pé àyẹ̀wò yìí kò ní tán.

Ẹ sọ ọ́ lásọtúnsọ fún un pé bí gìrì bá dáwọ́ dúró fún ìgbà pípẹ́, kò gbọdọ̀ tìtorí ìyẹn dá oògùn dúró. Bí wọ́n bá dá a dúró lójijì, gìrì lè padà wá kó sì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Oògùn yìí á mú kí ebi máa pa ajá náà, kí òùngbẹ sì máa gbẹ ẹ́, á sì máa tọ̀ púpọ̀. Tí wọn ò bá mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n á rò pé ẹ fi ebi pa á ni, wọ́n á máa bọ́ ọ títí á fi sanra jù.

Ohun tó yẹ kí wọ́n kọ sára ògiri nìyí: gìrì tó bá kọjá ìṣẹ́jú 5, tàbí tó bá mú un lẹ́ẹ̀mejì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín wákàtí 24, ẹ gbé e lọ bá dókítà lójú ẹsẹ̀. Kí wọ́n wo aago ní kété tó bá bẹ̀rẹ̀, torí lójú ẹni tó ń wò ó, ìṣẹ́jú kan máa ń dà bíi mẹ́wàá. Kí wọ́n pa iná tó mọ́lẹ̀ jù, kí wọ́n gbé ohun líle kúrò nítòsí orí rẹ̀, kí ọwọ́ jìnnà sí ẹnu. Gìrì tó pẹ́ máa ń mú ara gbóná gan-an, ẹ lè tan fáànù sí i.

Bí dókítà bá fún yín ní diazepam, oògùn tó ń dá gìrì dúró tí wọ́n ń fi sí ihò ìdí fún pàjáwìrì, inú ìgò rẹ̀ ni kó máa wà. Ẹ má fà á sínú síríǹjì oníke kẹ́ ẹ wá tọ́jú rẹ̀ pa mọ́, torí ike máa ń fa oògùn náà mu, agbára rẹ̀ á sì dín kù.

Ẹ jẹ́ kí ó béèrè lọ́wọ́ dókítà kó tó ra oògùn eégbọn èyíkéyìí. Lọ́dún 2018, FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ṣe ìkìlọ̀ lórí àwọn oògùn eégbọn tí wọ́n ń pè ní isoxazoline, pé wọ́n lè fa gbígbọ̀n ara àti gìrì fún àwọn ajá kan. Fluralaner àti afoxolaner wà lára wọn. Ọ̀pọ̀ ajá ń lò wọ́n láìsí wàhálà, ṣùgbọ́n ajá tó ti ní wárápá tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀.

Olówó Táígà

Èmi ni mo gba ajá oníwárápá lọ́wọ́ alágbàtọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí láti ọ̀dọ̀ tiwa.

Ohun tó jẹ́ kí Táígà ṣì wà lọ́dọ̀ mi lónìí ni gbólóhùn kan tí obìnrin tó tọ́ ọ sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà: "Ilé tuntun lè mú kí gìrì rẹ̀ pọ̀ díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Bó bá ṣẹlẹ̀, ìwọ kọ́ lo ṣe é." Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ le. Ká ní kò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi ni, ǹ bá ti dá a padà, kí n sì máa rò pé afẹ́fẹ́ ilé mi ni kò bá a mu.

Ó tún gbé ibùsùn Táígà wá láìfọ̀, ó ní kí n má fọ̀ ọ́ títí á fi mọ ilé. Oúnjẹ tó ń jẹ tẹ́lẹ̀ ló kó wá pẹ̀lú, ó ní kí n má tíì pààrọ̀ rẹ̀. Ó fún mi ní ìwé kan tó kọ gbogbo gìrì sí: ọjọ́, aago, bó ṣe pẹ́ tó, ohun tó ń ṣe kó tó bẹ̀rẹ̀. Inú ìwé yẹn ni mo ti mọ̀ pé Táígà máa ń lá ètè rẹ̀ léraléra, á sì wá fara ti èèyàn, kí gìrì tó gbé e. Kò sí dókítà tó lè sọ ìyẹn fún mi. Ẹni tó bá a sùn nínú yàrá kan náà ló mọ̀ ọ́n.

Ó ní kí n máa pe òun kódà lóru. Mo pè é lóru lóòótọ́, ó sì gbé fóònù.

Alágbàtọ́ Jọ́lì

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti ṣe é.

Mo kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ han ẹni tó ń bójú tó wa. Ó kà á tán, ó sì ní kí n kọ ìkéde Jọ́lì tuntun fúnra mi. Mo kọ wárápá síbẹ̀, mo kọ aago oògùn, mo kọ ti etí rẹ̀ náà, torí ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni kí wọ́n mọ̀ pé ó rẹwà.

Mo wá fi fídíò ránṣẹ́ sí àwọn méjèèjì. Tọkọtaya yẹn pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìyàwó ń sunkún. Ọkọ ní àwọn wò ó lẹ́ẹ̀mejì, àwọn sì wo ọmọ àwọn kékeré tó ń fa ìrù gbogbo ohun tó bá ní ìrù, àwọn rí i pé àwọn ò ní lè ṣe é báyìí. Kò sí ìbínú níbẹ̀ rárá. Ajá àgbà kan wà ní ilé ìtọ́jú tí ojú rẹ̀ kan ti fọ́, oníwà tútù tí kò sẹ́ni tó ń béèrè rẹ̀, wọ́n ti lọ wò ó. Mo gbàdúrà kó bọ́ sí i fún wọn.

Ìyá náà wá fúnra rẹ̀. Ó ti wo fídíò náà nílé, ó tún ní kí n fi í han òun níbi tí Jọ́lì wà. Kò sọ nǹkan kan títí tó fi parí. Lẹ́yìn náà ló ní, "Tó bá yá, ṣé ó máa ń rántí ẹni tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ó dáa, òun á máa dúró dè é.

Ó ti ń wá láàárọ̀ láti fún un lóògùn pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀ báyìí. Ọwọ́ rẹ̀ máa ń gbọ̀n díẹ̀ bó bá fẹ́ dá tábúlẹ́ẹ̀tì sí méjì, nítorí náà a sọ fún dókítà, wọ́n á máa bá a dá a sílẹ̀. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni ọjọ́ orí rẹ̀. Mo béèrè láìfi bò pé, bí àìsàn bá gbé e dè ńkọ́? Kò bínú. Ó pe ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń gbé nítòsí, ìyẹn náà sì ti wá kọ́ ọ. A tún kọ ọ́ sínú àdéhùn pé bí nǹkan bá yí padà, ilé ìtọ́jú ni Jọ́lì ń padà sí, kò gbọdọ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni tí a ò mọ̀. Òun gan-an ló ní kí a kọ ọ́ tóbi.

Ní ti èmi, mo dáhùn ìbéèrè ẹ̀gbọ́n wa nínú ọkàn mi. Mo fẹ́ràn Jọ́lì gan-an. Àmọ́ ẹ̀rù ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń mú kí n fẹ́ mú un.

Nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi dá sí èyí: aago méje ni mo ń fún un lóògùn, ìyá sì máa ń jí ní aago márùn-ún, ó fẹ́ kó jẹ́ àsìkò yẹn torí kì í gbàgbé ohunkóhun láàárọ̀. Ṣé a lè fà á sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà?

Nọ́ọ̀sì Ẹranko

Ẹ má fà á lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ máa fi ìdajì wákàtí dín in lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, tàárọ̀ talẹ́, títí á fi dé aago márùn-ún. Kó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ yín lẹ ti máa ṣe é kó tó kó lọ, kí àyípadà má bàa pọ̀ lé e lórí lọ́jọ́ kan náà. Ẹ kọ́kọ́ sọ fún dókítà rẹ̀.

Alágbàtọ́ Jọ́lì

Mo ti pè wọ́n, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ náà ni. A bẹ̀rẹ̀ lónìí, aago mẹ́fà ààbọ̀. Ibùsùn rẹ̀ mi ò ní fọ̀ ọ́, ìwé gìrì rẹ̀ ti wà nínú àpò, mo sì ti kọ nọ́ńbà mi sí ojú ewé àkọ́kọ́ àti sí ẹ̀yìn rẹ̀.